Bí Mo Ṣe Fi Fíìmù Íńdíà Tọrọ Aya

Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà sí Ìlọrin nígbà tèmi, tó sì máa ń yọ́ lọ sí sinimá, yóò sọ fún yín pé òun gbọ́ èdè Íńdíà. Irọ́ ni. Èmi náà pa irọ́ yìí, mo sì gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú dé Amẹ́ríkà. Gbogbo ohun tí mo gbọ́ nínú èdè náà kò ju dúníyà, wákàtí, àti ọ̀rọ̀ kan tó jọ sùúrù. Ilé kéú ló fi wọ́n sí wa lẹ́nu. Ọ̀dọ̀ Lárúbáwá làwa àti àwọn ará Íńdíà ti jọ yá wọn. Bí òṣèré kan bá ti sunkún, tó mẹ́nu kan dúníyà, mo ti mọ̀ pé ayé ló ń pọ́n ọn lójú. Orí mi ni mo ti ń mú ìyókù.

Láàárín ọdún 1980 sí 1990, nígbà tí fídíò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé onílé, Park Forest, lẹ́yìn odi ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, ni mo ń gbé. Mo ń kọ́ ìṣirò owó nílé ìwé, mo sì ń ta epo mọ́tò láti fi gbọ́ bùkátà. Ọmọbìnrin kan wà ní àsálátù wa tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní Uptown, nínú ìlú ńlá náà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ débi pé mo máa ń wọ rélùwéè láti Homewood, kí n tún wọ òmíràn láàárín ìlú, nínú òtútù tó ń gé etí, nítorí àtigbọ́ "ẹ káàsán" lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ káàsán" náà ni èmi pẹ̀lú máa ń sọ. Ẹnu tó ń yangàn pé òun gbọ́ èdè Íńdíà kò lè sọ "mo fẹ́ ọ" ní Yorùbá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló lanà fún mi. Lọ́jọ́ Àìkú kan, bí a ṣe parí àsálátù, wọ́n pè mí.

"Wọ́n ní o gbọ́ Indian. Mo rent fíìmù kan, thriller ni, ìfẹ́ wà ńbẹ̀, àmọ́ kò sí subtitle. Wá bá wa túmọ̀ ẹ̀ jàre."

Ẹni tó bá ní ọgbọ́n ì bá sọ pé orí ń fọ́ òun. Èmi, mo tẹ̀lé wọn lọ sílé. Ẹ̀gbọ́n àti ọkọ wọn jókòó lórí àga gígùn, ọmọbìnrin náà wà ní kọ̀rọ̀, ó ń bó ẹ̀pà. Wọ́n gbé àga tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n bíi ti àáfà tó fẹ́ ṣe tàfúsírù. Inú mi dùn, mo tún fìlà mi dé.

Wọ́n ti pa baba ọmọbìnrin olówó kan nínú fíìmù náà, ọmọ náà sì ń gbé nínú ilé ńlá létí adágún. Ọkùnrin méjì ló ń rìn yí i ká. Ọ̀kan wọ aṣọ funfun, ẹ̀rín rẹ̀ dùn. Èkejì ní irùnmú, abẹ́ igi ló máa ń dúró sí láti wò ó. Lójú ọmọ sinimá Ìlọrin, ẹjọ́ ti tán. Mo fi onírùnmú hàn wọ́n pé apànìyàn nìyẹn, kí wọ́n má fọkàn tán an.

Nígbà tó yá, aláṣọ funfun di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀.

"Kí ló sọ?" ẹ̀gbọ́n bèèrè.

N kò mọ ohun tó gùn mí. "Ó ní òun fẹ́ ẹ, mà. Ó ní ó ti pẹ́, ẹ̀rù ló ń ba òun."

Ẹ̀pà dúró lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà. Ẹ̀gbọ́n wò mí, wọ́n sì wo àbúrò wọn. Ọmọ Yorùbá kì í ṣe àlejò àṣamọ̀. Bí ọ̀rọ̀ àna bá ń bọ̀, ẹ̀bùrú ló máa ń gbà wọlé.

"Ehn, kí niṣẹ́ ẹ̀?"

"Ó ń ka accounting, mà. Ó ń ṣe part-time ní gas station."

Ọkọ wọn húkọ́. "Ní India?"

"Ní India, sà."

"Àwọn òbí ẹ̀ ń kọ́?"

"Lèmọ́mù ni baba ẹ̀, mà."

"Ṣé ó ti ní green card?"

"Ó ti file, mà."

Bí aláṣọ funfun àti ọmọ náà ti ń jó nínú òjò, bẹ́ẹ̀ ni mo ń ka ìwà rere mi jáde. Ẹ̀gbọ́n ní, "Responsible ni. Mo like ẹ̀." Ara mi yá gágá. Mo ti ń ronú ẹni tí yóò gbé ìròyìn náà dé ọ̀dọ̀ ìyá mi.

Ibẹ̀ ni onírùnmú ti yọ káàdì jáde: ọlọ́pàá ni. Aláṣọ funfun bú sẹ́rìn-ín, ó fa ọ̀bẹ yọ, ó ń nà án sí àwòrán baba tó kú. Èyí kò fẹ́ ìtumọ̀.

"Ó ń dán an wò ni, mà," mo wí.

Ó ti ìyá àgbà tó ń ṣọ́ ilé sínú adágún.

"Ṣé ó ń dán ìyá yẹn náà wò?" ọkọ wọn bèèrè.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Accountant wa ti pààyàn o! Ọmọ lèmọ́mù!" Ojú tì mí, mo ń làágùn nínú ọ̀gìnnìtìn.

Ọmọbìnrin náà gbé àwo ẹ̀pà sílẹ̀. "Excuse me, Brother. Láti ìgbà tí fíìmù yìí ti start, ọkùnrin yẹn ń dá Aunty lóhùn, ó ń dá Uncle lóhùn. Kí ló dé tí kò bi ọmọbìnrin yẹn fúnra ẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n pa tẹlifíṣọ̀n. Mo yíjú sí ọmọbìnrin náà.

"Mo fẹ́ fẹ́ ọ," mo wí. "Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ó wò mí tàánútàánú, ìyẹn sì dùn mí ju ẹ̀rín lọ.

"Rárá," ló wí. "Ẹ má bínú."

Mo wo ẹ̀gbọ́n. Àlàyé ti kún ẹnu mi: pé ọmọ tó mọ iyì ara rẹ̀ kì í tètè gbà, pé ohun tó ní lọ́kàn ni pé kí n tún padà wá. Mo ń retí kí wọ́n bi mí pé kí ló sọ. Kò sẹ́ni tó bi mí.