Àrìnpé àti Ọ̀pẹ Abà Oyèṣọlá

Bí àlejò bá wọ àdúgbò wa ní Agbówó, tí ó sì béèrè Ìyá Ayọ̀kúnnúmi, kíákíá ni wọn yóò nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé tí ó kọjú sí ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ti ń wọ kẹ̀kẹ́. Níbẹ̀ ni Àrìnpé Oyèṣọlá, bí orúkọ rẹ̀ gan-an ṣe ń jẹ́, ti ń rán aṣọ iléèwé. Òun ni ó rán èyí tí èmi náà wọ̀ títí mo fi jáde ní girama, ojú rírán rẹ̀ kò sì tú rí. Obìnrin kúkúrú ni. Ó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ wà láàárín eyín rẹ̀, nítorí pé lóòótọ́ ni abẹ́rẹ́ sábà máa ń wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí aṣọ ni mo ṣe ń kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀. Mo ń kọ ọ́ nítorí ilẹ̀ kan tí ó wà lẹ́yìn àdúgbò Challenge, ní ọ̀nà tí ó lọ sí Ìjẹ̀bú, tí à ń pè ní Abà Oyèṣọlá. Bàbá Àrìnpé ni ó tẹ abà náà dó. Igbó kìjikìji ni ó bá níbẹ̀, òun ni ó sì sọ ọ́ di oko. Kòkó wà níbẹ̀, ẹ̀gẹ́ wà níbẹ̀, ọ̀pẹ sì pọ̀ ní etí odò. Gbogbo ìdílé náà ni ó ń jẹun lára ilẹ̀ yìí, ẹ̀yìnkùlé ibẹ̀ ni wọ́n sì sin bàbá náà sí.

Nígbà tí ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣojú kòkòrò sí ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ọdún tí ó kọjá, Ọ̀gbẹ́ni Mánsúrù, oníṣòwò ilẹ̀ kan, kó àwọn ajagungbalẹ̀ wọ abà náà pẹ̀lú katapílà. Wọ́n tú ẹ̀gẹ́ tí kò tíì ta, wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ orúkọ Mánsúrù sí ara ògiri, wọ́n sì na Adéróunmú, àbúrò Àrìnpé, títí apá rẹ̀ fi ṣẹ́. Ohun tí Mánsúrù ń sọ ni pé àlejò lásán ni Oyèṣọlá, pé bàbá òun ni ó yá a ní ilẹ̀ náà kí ó máa fi dáko.

Ẹbí péjọ sí abà náà. Adéróunmú jókòó, apá rẹ̀ wà nínú aṣọ tí wọ́n fi gbé e kọ́ ọrùn.

"Ẹ jẹ́ ká gba ohunkóhun tí wọ́n bá fún wa," ó wí. "Ẹ̀mí ò láàrọ̀."

"Ẹ̀mí tí ò bá rí nǹkan jẹ ńkọ́?" Àrìnpé dáhùn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti lọ sílé ọkọ. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin lèyí."

"Kò burú. Ìwọ nìkan lo dúró, wọ́n sì ṣẹ́ ọ lápá. Àwọn ọkùnrin tó kù ńkọ́? Àbí inú kòkó ni wọ́n ti ń jagun?"

Adéróunmú kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ náà lé Àrìnpé lọ́wọ́.

Ó gbé ẹjọ́ náà lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ kan tí ó ń parí ìjà ilẹ̀ ní Ring Road. Ìgbìmọ̀ sọ pé kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹlẹ́rìí wá láti inú àwọn abà tí ó yí ilẹ̀ náà ká. Àrìnpé kan ilẹ̀kùn kiri títí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ajagungbalẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọjọ́ pé, òun àti Adéróunmú nìkan ni wọ́n wá. Bí ẹ̀rí Mánsúrù bá dúró, ilẹ̀ lọ nìyẹn.

Mánsúrù ní tirẹ̀ fi jíìpù gbé Bàbá Olúṣẹ̀yẹ dé. Akọpẹ ni Bàbá yìí ní ìgbà èwe rẹ̀, abà tí ó wà ní òdìkejì odò ni ó sì ń gbé. Ó wọ bàtà tuntun tí kò tíì mọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Bàbá, ta ló ni ilẹ̀ yìí?" obìnrin tí ó jẹ́ alága bi í.

"Bàbá Mánsúrù ló ni ín. Àlejò ni Oyèṣọlá." Ó sọ ọ́ bí ọmọ iléèwé tí ó há iṣẹ́ sórí.

Mánsúrù fẹ̀yìn ti àga. "Ẹ ti gbọ́ o. Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi."

Alága bi Àrìnpé bóyá ó ní ìbéèrè. Àrìnpé dìde, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú arúgbó náà.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Èmi Àrìnpé ni, ọmọ Oyèṣọlá."

"Àrìnpé! Ìwọ tó máa ń jí ẹ̀kùrọ́ mi jẹ?"

"Èmi náà ni, sà. Bàbá, ta ló máa ń kọ ọ̀pẹ etí odò wa nígbà yẹn?"

"Ta ni ì bá tún kọ ọ́? Igbà mi nìkan ni gbogbo ọ̀pẹ yẹn mọ̀."

"Lọ́wọ́ ta lẹ wá ń tọrọ rẹ̀ kí ẹ tó gùn ún?"

Ó yẹ kí n ṣàlàyé èyí. Ní àwọn abà wa, ẹni tí a yá ní ilẹ̀ lè gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n onílẹ̀ ni ó ni ọ̀pẹ. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ̀pẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ onílẹ̀. Ẹni tí kò bá tọrọ, olè ọ̀pẹ ni, orúkọ yẹn yóò sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ kalẹ́.

"Ọ̀rọ̀ ọ̀pẹ kọ́ ló gbé wa wá síbí!" Mánsúrù ké.

"Ẹ jẹ́ kí Bàbá dáhùn," alága wí.

Bàbá Olúṣẹ̀yẹ wo Mánsúrù. Àrìnpé rọra fi kún un pé: "Àbí ẹ ò tọrọ, Bàbá? Ṣé ẹ kàn máa ń gùn ún ni?"

Ojú arúgbó náà yí padà. "Èmi? Kí n kàn gun ọ̀pẹ ọlọ́pẹ? Àrìnpé, ṣé olè lò ń pè mí lójú gbogbo ayé? Èmi Olúṣẹ̀yẹ ò jí ọ̀pẹ kọ rí! Bàbá rẹ ni mo ń lọ bá lọ́dọọdún, tèmi ti kèrègbè epo. Ìwọ gan-an lo máa ń gbé kèrègbè náà wọlé fún un! Bàbá Mánsúrù wo? Ìgbà wo ni ìyẹn fojú kan odò yẹn?"

Arúgbó náà gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ̀ sọ. Ó wo ilẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà méjèèjì, ó sì tì wọ́n sí ọ̀dọ̀ Mánsúrù.

"Ọmọ mi, gba bàtà rẹ. Ó ń há mi lẹ́sẹ̀."

Nígbà tí mo bi Àrìnpé léèrè bí ó ṣe dá a lójú pé Bàbá yóò sọ òótọ́, ó ní òun mọ̀ pé àwọn ènìyàn lè mú kí Bàbá Olúṣẹ̀yẹ parọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè mú kí ó pe ara rẹ̀ ní olè.

Ìgbìmọ̀ dájọ́ pé ti ọmọ Oyèṣọlá ni ilẹ̀ náà. Wọ́n pàṣẹ fún Mánsúrù kí ó kó katapílà rẹ̀ kúrò, kí ó sì pa ọ̀dà ara ògiri rẹ́. Ó ṣe é. Láti ìgbà náà, àwọn ará abà mìíràn máa ń wá jókòó sórí àpótí ní ṣọ́ọ̀bù aláwọ̀ ewé wa, láti gba ìmọ̀ràn. Mo ní "wa" nítorí pé gbogbo àdúgbò ni ó ń fi obìnrin náà yangàn.

Nígbà tí ẹyìn pọ́n, ẹbí tún péjọ sí abà. Bàbá Olúṣẹ̀yẹ gba afárá odò kọjá wá, ó wọ sálúbàtà rẹ̀ àtijọ́, ó sì gbé kèrègbè epo dání. Ọmọ rẹ̀ tí ó jogún igbà rẹ̀ tẹ̀ lé e. Adéróunmú, gẹ́gẹ́ bí ọkùnrin ilé, na ọwọ́ tí ó ti san láti gba kèrègbè náà.

"Rárá," ni arúgbó náà wí. "Kì í ṣe ìwọ ni mo wá bá. Àrìnpé dà?"

Àrìnpé jáde. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gba kèrègbè náà, bí ó ti máa ń gbà á nígbà tí ó wà ní ọmọdé. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, kò gbé e wọlé fún ẹnikẹ́ni. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ara rẹ̀, ó sì wí pé:

"Ẹ máa kọ ọ́, Bàbá."