Ife Kọfí Mọ́kànlá ní Aṣálẹ̀ Epo

Ní Thames View tí a ń gbé nílùú òyìnbó, Bàbá Alépo ni wọ́n ń pè mí. Nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Dagenham fẹ́ ra dùùrù tuntun, èmi ni gbogbo ojú yí sí, torí wọ́n ti gbọ́ pé aṣálẹ̀ tí epo rọ̀bì pọ̀ sí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyàwó mi, Ìyá Tóyìn, ló sọ fún wọn. Òun náà ló tún dìde láàárín ìjọ tó ní kí wọ́n má wulẹ̀ wò mí, omi ni mò ń gbé, ká ní epo ni, ṣé inú fúláàtì yàrá méjì la ó ṣì máa há mọ́ra wa sí? Gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, torí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ọdún mẹ́fà ni mo fi wa táńkà omi ní gúúsù ilẹ̀ Oman, n kò fọwọ́ kan epo rọ̀bì rí.

Bọ́ọ̀sì ni mò ń wà ní Barking tẹ́lẹ̀. Mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí mo rí èyí: ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ní aṣálẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nílé. Kóòtù òtútù tí mo wọ̀ kúrò nílé ni mo ṣì wọ̀ nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ooru gbá mi lójú. Bàbá Sàlímù tó wá pàdé mi wo kóòtù náà lókè, wọ́n wò ó nísàlẹ̀, wọ́n sì bi mí bóyá ara mi ò yá. Bàbá pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n, tí láwàní kì í kúrò lórí wọn. Inú aṣálẹ̀ yẹn ni wọ́n bí wọn sí. Àwọn ni ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n kọ́ mi níṣẹ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí n sọ̀kalẹ̀, kí n jo táyà kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè dín kù. Mo rò pé wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹni tó bá ń jo táyà ọkọ̀ tó dára, adúgbò á ti bá a fa wàhálà kó tó dé táyà kejì. Àṣé táyà tó bá le koko, ihò ló ń gbẹ́ sínú iyanrìn. Tó bá rọ̀ díẹ̀, á tẹ́ pẹrẹsẹ, á sì gun orí rẹ̀ kọjá.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe oríṣi kan bí mo ṣe rò. Ibi kan wà tó jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ lásán, ẹ lè wakọ̀ fún wákàtí mẹ́ta kẹ́ ẹ má rí igi kan. Òkè iyanrìn wà, tí atẹ́gùn ń sún díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi bo ojú ọ̀nà. Ilẹ̀ iyọ̀ ló burú jù. Ó funfun, ó tẹ́jú, ẹ ó rò pé kí ẹ máa sáré lórí rẹ̀, ẹrẹ̀ ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá Sàlímù ní ó ti gbé ọkọ̀ tó tóbi ju tiwa lọ mì. Abẹ́ gbogbo rẹ̀ ni epo wà, ṣùgbọ́n omi tó ṣeé mu ṣọ̀wọ́n. Omi oníyọ̀ ni wọ́n ń fà látinú ilẹ̀, ẹ̀rọ á yọ iyọ̀ rẹ̀ ní kámpù wa, àwa á wá gbé e lọ sí ibi tí wọ́n ti ń gbẹ́ kànga epo. Bí omi ò bá dé, iṣẹ́ á dúró ni, àwọn tó ń fa owó ilẹ̀ náà jáde ò sì ní lè bọ́jú.

Ràkúnmí ni bàbá Bàbá Sàlímù fi jẹun láyé wọn, wọ́n ń tọ òjò kiri. Epo ló mú títì, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn dé, àwọn ọmọ Bàbá Sàlímù méjèèjì náà sì ń ṣiṣẹ́ nídìí kànga. Síbẹ̀, Bàbá ò ta ràkúnmí wọn. Wọ́n ní àlejò ni epo, ọmọ ilé ni ràkúnmí.

Òfin kan wà níbẹ̀ tó ju gbogbo òfin lọ. Kí awakọ̀ tó jáde, á kọ ọ̀nà tó ń gbà àti aago tó máa dé sílẹ̀. Tó bá dé, á pe yàrá rédíò. Tí ìdajì wákàtí bá kọjá lórí aago rẹ̀, wọ́n á dá iṣẹ́ dúró láti wá a, torí ooru ibẹ̀ lè pa ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú. Awakọ̀ tó bá mú kí wọ́n wá òun lásán, ilé ló ń lọ. Ẹni tó fọwọ́ sí i pé ó ti mọṣẹ́ náà á sì jẹ nínú ìyà rẹ̀. Bàbá Sàlímù ló fọwọ́ sí tèmi, ọdún méjì péré ló sì kù kí wọ́n fẹ̀yìn tì.

Ní oṣù kẹta, èmi nìkan ń lọ. Mo rí bàbá arúgbó kan níwájú àgọ́ tí wọ́n pa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Wọ́n nawọ́ sókè kí mi. Ẹ jọ̀ọ́, ọmọ Ìjẹ̀bú wo ni àgbàlagbà á nawọ́ sí, tí á bu eruku lù wọ́n lójú kọjá? Mo paná ọkọ̀, mo sọ̀kalẹ̀, mo sì kí wọn ní sàlámù tí mo gbọ́ lẹ́nu àwọn ìdílé bàbá mi. Pẹ̀lú ìwọ̀nba èdè Lárúbáwá tí mo ti gbọ́ níbi iṣẹ́, mo mọ̀ pé wọ́n ń béèrè àlàáfíà mi, ti bàbá mi, ti àwọn ràkúnmí mi. Nígbà tí mo ní n kò ní ràkúnmí, àánú mi ṣe wọ́n, wọ́n sì gbé kọfí wá.

Ife náà kéré bí ẹyin. Mo mu ún tán, wọ́n bu òmíràn. Ìyá mi kọ́ mi pé ẹnì kan kì í kọ ohun tí àgbà bá fi ṣe é lálejò, a kì í sì í ṣẹ́ ẹ kù. Nítorí náà, bí wọ́n bá ti bu ún, mà á gbé e mu. Nígbà tó di ẹ̀kẹfà, àyà mi ń lù kìkì. Mo ní bàbá yìí mà fẹ́ràn mi o. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé bàbá náà ò rí irú òùngbẹ bẹ́ẹ̀ rí láyé wọn, ẹ̀rù sì ti ń bà wọ́n kí kọfí má tán kí ojú má tì wọ́n níwájú àlejò. Lórí ìkọkànlá ló tán. Wọ́n bẹ̀ mí, mo dúpẹ́, ara mi ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

Orúkọ mi ni mo bá nínú rédíò nígbà tí mo wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ mẹ́ta ti wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń wá mi, iṣẹ́ sì ti dúró nídìí kànga. Mo dáhùn pé èmi rèé.

Kí n tó wọ ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, mo pe Ìyá Tóyìn. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi mí ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní kí n sọ òótọ́, kí n sì bẹ̀bẹ̀ fún Bàbá Sàlímù ṣáájú ara mi.

Ọ̀gá kámpù, obìnrin ará Scotland kan tí kì í pariwo, gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìrẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ pé ó tó. Mo ní báwo ni ènìyàn ṣe ń sọ bẹ́ẹ̀ fún àgbà? Ìgbà yẹn ni Bàbá Sàlímù dá sí i.

"Ẹni tó bá mu tó lọ́dọ̀ wa, ṣe ló máa ń mi ife rẹ̀ díẹ̀. Ọmọdé wa mọ̀ ọ́n. Mo kọ́ ọmọ yìí ní táyà, mo kọ́ ọ ní ilẹ̀ iyọ̀, n kò kọ́ ọ ní èyí. Mo sì fọwọ́ sí i pé mo ti kọ́ ọ tán. Èmi ni mo jẹ̀bi."

Ọ̀gá fi ìkìlọ̀ lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ Bàbá Sàlímù. Títí wọ́n á fi fẹ̀yìn tì, ibi ẹnu ẹ̀rọ omi ni wọ́n á máa jókòó sí, tí wọ́n á máa rọ omi sínú táńkà fún àwa awakọ̀. Àwọn tó fi ọgbọ̀n ọdún wakọ̀ níbẹ̀! Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè jẹun.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo lọ bá wọn níbi ẹnu ẹ̀rọ. Lójú gbogbo awakọ̀, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn. Ó gbóná bí agbada.

Bàbá Sàlímù bi mí pé kí ni mo sọ nù. Mo ní n kò sọ nǹkan kan nù, bí a ṣe ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá ẹni nílé wa nìyẹn.

"Ìgbà wo lo máa dìde?"

"Ìgbà tí ẹ bá ní kí n dìde."

Wọ́n ní, "Ẹ̀yin náà sì ní àṣà tiyín, tẹ́ ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni." Àwọn awakọ̀ rẹ́rìn-ín. Bàbá Sàlímù wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn.

"Dìde, ọmọ mi."

Iyanrìn ń jó mi láyà, mo gbọ́ ohun tí wọ́n sọ dáadáa, ṣùgbọ́n ẹkún ò jẹ́ kí n lè gbé ojú sókè.