Ìbọ̀sẹ̀ Imú Bàálù

Kí Orval Hamblin tó sún mọ́ bàálù náà, yóò kọ́kọ́ fi itọ́ pa ìka òrùka rẹ̀, nítorí òrùka kò gbọ́dọ̀ ha bàálù lára. Yóò yí òrùka náà lọ, yóò yí i bọ̀, títí yóò fi gun oríkèé ìka. Ibẹ̀ ni yóò ti dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò yọ ọ́, yóò jù ú sí àpò àyà ẹ̀wù rẹ̀, yóò sì de bọ́tìnnì àpò náà. Láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ́ọ̀ yìí, ó ti de bọ́tìnnì tán kó tó tún tú u, kó wò ó bóyá òrùka wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Ó dè é. Ó tún tú u.

"Ṣé ó ń bímọ ni?" Rulon Petty bi í láti orí àpótí tó jókòó sí. "Tó o bá tún wò ó, méjì lo máa bá."

Orval kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín Rulon náà kò dé ikùn.

Rulon ni awakọ̀ tó ń dán bàálù náà wò. Ẹ̀wù ilé ló wọ̀ lónìí, kì í ṣe ẹ̀wù òfurufú, báàgì rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Tó bá di ọ̀sán, bàálù akẹ́rù yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ní Kalifóníà, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí wọ́n sì yẹ orí rẹ̀ wò. Gbogbo ẹni tó wà ní ibùdó aṣálẹ̀ yẹn ló mọ̀ pé awakọ̀ tí wọ́n bá gbé lọ báyẹn kì í padà wá fò mọ́.

Ohun kan ṣoṣo ló fà á. Rulon ní abẹ́rẹ́ ìyára ń kú mọ́ òun lójú. Kì í ṣe gbogbo ìgbà. Ọjọ́ mìíràn, tó bá gbéra lórí adágún gbígbẹ oníyọ̀ náà, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí bàálù ṣe ń sáré tó yóò máa gòkè bó ṣe yẹ, yóò wá dúró gbagidi, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í purọ́. Awakọ̀ tí kò bá mọ eré tí òun ń sá lè jábọ́ bí òkúta. Ṣùgbọ́n tí bàálù bá ti gòkè dáadáa, tí eré náà bá ti kúrò ní eré ọmọ ènìyàn, abẹ́rẹ́ yóò tún jí. "Bí òkú tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀," Rulon wí.

Kò sí ẹni tó rí i pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí bàálù bá dé òkè pátápátá ni wọ́n ń tan kámẹ́rà tó ń ya ojú àwọn abẹ́rẹ́, kí fíìmù má baà tètè tán. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló wà, ẹlẹ́rìí náà sì ni afurasí.

Orval ni olórí àwọn tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́. Pòtétò ni bàbá rẹ̀ ń gbìn ní Áídáhò, aago ló ń tún ṣe ní ìgbà òtútù, ẹ̀gbẹ́ aago wọ̀nyẹn ni ọmọ náà sì dàgbà sí. Nígbà ogun, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà, ó ń tún abẹ́rẹ́ àwọn bàálù ajubọ́ǹbù ṣe. Ó máa ń sọ pé ènìyàn lè purọ́, abẹ́rẹ́ kì í purọ́ láìnídìí. Ṣùgbọ́n èyí ń purọ́, kò sì rí ìdí. Ó ti tú u, ó ti pààrọ̀ rẹ̀, ó ti fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò ọ̀pá gígùn tó yọ síwájú imú bàálù, èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé láti ti abẹ́rẹ́. Nílẹ̀, òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò lè jókòó pẹ́. Tó bá dìde, yóò gbàgbé ohun tó tìtorí rẹ̀ dìde.

"Jókòó, jàre," Rulon wí. "O ń fa ẹ̀fúùfù." Ó fa àpò dómínò yọ nínú báàgì rẹ̀, ó sì da á sórí àpótí. "Jẹ́ ká parí eré wa kí wọ́n tó wá gbé mi. Mi ò fẹ́ kú sínú ọwọ́ dókítà kí n ṣì jẹ́ ẹni tó ò ń nà."

"Mi ò rántí ibi tá a dé."

"Èmi rántí. Ìwọ lo gbé méje pamọ́ sábẹ́ itan, olè. Ọjọ́ tí fèrè dún kí n tó gbéra ni. Inú ti ń bí mi kí n tó wọnú bàálù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílẹ̀ ni abẹ́rẹ́ burúkú yẹn tún kú."

Ọwọ́ Orval ti wà lórí dómínò. Ó dúró síbẹ̀.

"Èyí tó ṣáájú ìyẹn ńkọ́?"

"Èyí wo?"

"Ìgbà tó kú ṣáájú ìyẹn. Ṣé a ta dómínò lọ́jọ́ náà?"

Rulon wò ó. "A ta á. Mo nà ọ́. O ní oòrùn ló wọ̀ ọ́ lójú, inú ilé la sì wà." Ó ká ọwọ́ kúrò lórí dómínò. "Orval, gbogbo ọjọ́ tó kú la ta dómínò."

"Ọjọ́ tá ò ta?"

"Ó yè." Rulon ti àpótí náà sẹ́yìn díẹ̀. "Mo mọ̀ pé àjẹ́ wà nínú eré rẹ, ọkùnrin yìí."

Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì mọ ìgbà tí wọ́n ń ta dómínò. Bí ojú àwọn ará Rọ́ṣíà, ẹ̀rọ amí tó ń yí ayé po, bá fẹ́ kọjá lókè, fèrè yóò dún. Àwọn tó mọ àkókò rẹ̀ kì í sọ ọ́, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè. Wọn yóò ti bàálù àṣírí náà wọlé kíákíá, kí ojú yẹn má baà rí i. Mẹkáníìkì àti awakọ̀ yóò lọ jókòó ní yàrá ẹ̀yìn, àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò sì ti ìlẹ̀kùn, títí fèrè yóò fi tún dún. Yàrá ẹ̀yìn yẹn ni ibi dómínò.

Orval dìde. Ó gba ẹnu ọ̀nà lọ, kò sáré, ṣùgbọ́n Rulon ní láti gbẹ́sẹ̀ kó tó bá a.

Dewitt ni ẹ̀ṣọ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ọkùnrin sísanra kan tó máa ń jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù.

"Dewitt, mú ìbọ̀sẹ̀ wá kí n rí i."

"Èmi àti ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ iṣẹ́. O mọ̀ bẹ́ẹ̀."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ìyàwó mi ló hun ún."

Dewitt fi ahọ́n yí ṣíńgọ́ọ̀mù sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kejì. "Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ìdílé ni," ó wí, ó sì na ọwọ́ sí ìṣó lẹ́yìn ìlẹ̀kùn.

Báyìí ni ìbọ̀sẹ̀ náà ṣe dé ibẹ̀. Bàálù mìíràn, tó kéré, ni wọ́n kọ́ ilé náà fún. Tí èyí bá wọlé tán, ọ̀pá imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan aṣọ tapólì tó bo ẹnu ọ̀nà, bí ẹ̀fúùfù bá sì fẹ́, aṣọ náà yóò máa lu ọ̀pá. Ìdérí gidi wà, irin ni, ṣùgbọ́n skúrúù ló ń dè é, fèrè kì í sì í dúró de skúrúù. Orval béèrè fún òmíràn. Ìbéèrè náà ń lọ láti ọ́fíìsì kan dé èkejì, wọn ò tíì dá a lóhùn. Ló bá yàwòrán sórí bébà ìnu-ẹnu nílé, ó ní kí Lavonne aya rẹ̀ bá òun hun nǹkan báyìí, kó nípọn.

Lavonne yí bébà náà síhìn-ín, sọ́hùn-ún. "Irú ẹranko wo ló ní imú báyìí?"

"Èyí tí òtútù ń mú."

"Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń tún irinṣẹ́ ojú ọjọ́ ṣe," ó wí. Ohun tí wọ́n sọ fún gbogbo aya nìyẹn. Kò bi í mọ́. Òwú irun àgùntàn tó ṣẹ́kù lára súwẹ́tà ọmọbìnrin wọn ló fi hun ún, àwọ̀ búlúù. Ní ọjọ́ Ajé kan lóṣù tó kọjá, Orval fi í sábẹ́ ẹ̀wù wọlé, ó fún àwọn ẹ̀ṣọ́, ó ní tí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn kí wọ́n fi wọ ọ̀pá, tí wọ́n bá ṣí i kí wọ́n bọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà kò fojú kàn án mọ́. Nígbà tí wọ́n bá ń wọ̀ ọ́, tí wọ́n bá ń bọ́ ọ, yàrá ẹ̀yìn ni òun wà.

Ó wá ń wò ó báyìí. Ìyára àwọn ẹ̀ṣọ́ ti jẹ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, etí irin ọ̀pá ti fá a, ó ti rí bí irun ajá tó ní àrùn awọ. Orval fi àtàǹpàkò ra á. Fọ́nrán búlúù tẹ̀lé ìka rẹ̀, ó tinrin bí irun ojú.

Ó lóye gbogbo rẹ̀ níbi tó dúró sí. Fọ́nrán kù sínú ihò. Afẹ́fẹ́ ìgbéra a tì í wọnú jinlẹ̀, ihò a dí, abẹ́rẹ́ a kú. Lókè, eré náà a mú imú bàálù gbóná ju ààrò lọ, irun àgùntàn a jó, a di eérú, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ, abẹ́rẹ́ a jí. Bàálù kì í gbé nǹkan kan padà sílẹ̀ fún ẹni tó ń wá a.

Rulon náà ti wo ìka náà tó. Ó bojú wẹ̀yìn. "Jù ú síná," ó wí ní ohùn jẹ́jẹ́. "Orval. Jù ú síná. Kò ní kú mọ́, ó parí."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Sọ fún wọn pé kòkòrò ni."

"Kòkòrò dà?"

Òfin kan wà tí ọmọ ọwọ́ ibùdó náà mọ̀: ohunkóhun tí kò bá ti ilé ìpamọ́ jáde, tó bá fara kan bàálù, ẹni tó mú un wá kò ní sun ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Orval rìn dé ìdí ìyẹ́, ó rìn padà. Ó tún rìn lọ. Ó tú bọ́tìnnì àpò, ó fọwọ́ kan òrùka, ó dè é. Níta, wọ́n ti ń da epo sínú bàálù akẹ́rù.

"Mo ní ìyàwó tó ń retí mi," Rulon wí, "òun náà ò mọ ohun tí mò ń ṣe. Mi ò ní kú tí mi ò bá fò. Ìwọ ní ọmọ nílé ìwé."

"Pa ẹnu rẹ mọ́, jọ̀wọ́," Orval wí, ó sì gba ọ́fíìsì Hollis Bragdon lọ.

Bragdon, ọ̀gá àwọn ẹnjiníà, ń jẹ búrẹ́dì lórí ìdúró. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán láìsí pé ó gbé búrẹ́dì kalẹ̀. Ó tẹ̀ lé Orval wá sídìí bàálù.

"Wọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́," ó wí fún Dewitt.

Dewitt fi tagbáratagbára wọ̀ ọ́, ó fà á bọ́. Bragdon gba awò àti tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ Orval, ó gun àkàbà, ó wo inú ihò. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó sọ̀, ojú rẹ̀ kò sí lára ẹnikẹ́ni.

"Búlúù ni," ó wí. "Ta ló mú un wá?"

"Èmi ni, sà."

"Mo ti rí i lára ọ̀pá náà rí. Mo rẹ́rìn-ín." Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò. "Rulon, lọ wọ ẹ̀wù rẹ. Wàá gbéra lọ́sàn-án yìí. Ẹ fọ ihò yẹn." Ó wá yíjú. "Orval, káàdì rẹ."

Orval tú káàdì ìwọlé kúrò lọ́rùn, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá, ìbọ̀sẹ̀ náà ńkọ́? Ìyàwó mi máa béèrè."

"Ó ti kan bàálù," Bragdon wí. "Kò lè jáde mọ́." Ó fi káàdì náà sápò.

Àyè kan ṣoṣo ló ṣófo nínú bàálù akẹ́rù, àyè Rulon; Orval ni yóò gbà á báyìí. Rulon ti wọ ẹ̀wù òfurufú dé ìbàdí nígbà tó sáré jáde, akoto lọ́wọ́ kan, dómínò mélòó kan lọ́wọ́ kejì.

"Eré wa ńkọ́, olè?"

"Ìwọ ló kàn," Orval wí.

Ó tú bọ́tìnnì àpò rẹ̀, ó yọ òrùka. Iyọ̀ adágún náà ń fọ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀ bó ṣe ń rìn lọ sídìí bàálù akẹ́rù. Ó ń ti òrùka náà gun oríkèé ìka, kò lo itọ́, kò sì dúró. Lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó ń lọ.