Mò Ń Gbọ́ Yín, Mà

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tó sì ní "mò ń gbọ́ yín," inú máa ń bí mi. Ọ̀rẹ́ tí a jọ gbé yàrá kan, nígbà tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ dígírì iṣẹ́ wẹ́fíà, ìyẹn ìtọ́jú àwọn tó wà nínú ìṣòro, ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Iwájú dígí ló ti kọ́ ọ. Á tẹ orí, á wá bi mí pé, "Ṣé àánú hàn lójú mi báyìí?"

Ìyá mi gbé èlùbọ́ wá fún mi láti Ago-Amodu. Mo lọ pọn omi. Kí n tó dé, ìyá mi ti ń sunkún, ọ̀rẹ́ mi sì di ọwọ́ wọn mú, ó ń sọ pé, "Mò ń gbọ́ yín, mà." Mo tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kejì, ó dìde ní kíláàsì láti ka ìtàn ẹnìkan tó ti jìyà, iṣẹ́ tí wọ́n fún gbogbo wa ṣe. Òfin ni pé a kò gbọdọ̀ dárúkọ onítọ̀hún. Ó kà á ketekete: "Ìyá Ràmọ́tù lo oògùn lẹ́ẹ̀mẹta láti fi ṣẹ́ oyún àkọ́bí rẹ̀. Oyún náà kọ̀, kò wálẹ̀."

Èmi ni Ràmọ́tù, àkọ́bí ìyá mi. Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi.

Níta, mo fa aṣọ rẹ̀ mú. Ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Mi ò dárúkọ wọn o," ló wí. "Mi ò tiẹ̀ mọ orúkọ wọn."

Òun ló gba máàkì tó ga jù.

Ìyá mi ṣì máa ń béèrè rẹ̀ lórí fóònù: "Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ńkọ́? Ó ń gbọ́ tèèyàn jù ọ́ lọ."