Bí Mo Ṣe Sẹ́ Àgbàdo Doña Lupe

Àárọ̀ Sátidé kan ni mo ba àgbàdo Doña Lupe jẹ́. Kì í ṣe pé n kò mọṣẹ́ o. Mímọ̀ tí mo mọ àgbàdo jù ló kó bá mi.

Houston la wà, ní àárín àwọn ọdún 1980. Ọkọ mi ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹnjiníà, à ń gbé inú apartment kan ní Sharpstown, iṣẹ́ tèmi la sì fi ń jẹun. Ilé oúnjẹ àwọn ará Mexico kan létí Southwest Freeway ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Abọ́ ni mo kọ́kọ́ ń fọ̀ níbẹ̀ fún oṣù méje, títí Doña Lupe fi rí bí mo ṣe ń rẹ́ àlùbọ́sà, ló bá ní kí n bọ́ sídìí iná.

Doña ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún àgbà obìnrin, bí àwa ṣe ń sọ pé Màmá. Òun ló ń dáná, Beto, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ni ilé oúnjẹ. Gẹ̀ẹ́sì màmá náà kò pọ̀, tèmi náà ń mẹ́hẹ, àmọ́ ìdí iná kò gba Gẹ̀ẹ́sì púpọ̀. Ó kọ́ mi ní mole, ọbẹ̀ dúdú tí wọ́n ń fi oríṣiríṣi ata gbígbẹ, ẹ̀pà, yànmọ̀tí àti ṣokoléètì sè. Ṣokoléètì nínú ọbẹ̀! Mo ní orí àwọn èèyàn yìí ti dà rú, àfìgbà tí mo tọ́ ọ wò tí mo tún bu òmíràn. Lọ́jọ́ tó fi ata habanero hàn mí, ó kìlọ̀ fún mi títí kí n ṣọ́ra. Mo wò ó, ata rodo ni! Mo gé e jẹ, mo ń bá iṣẹ́ mi lọ. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo kíṣìnì ti ń fojú àgbà wò mí.

Ṣùgbọ́n àgbàdo ni olórí oúnjẹ wọn. Wọn á sè é díẹ̀ nínú omi tí wọ́n po ìyẹ̀fun funfun kan sí, èyí tí wọ́n ń pè ní cal. Ó máa sun inú omi náà mọ́jú, wọn á wá fọ̀ ọ́, wọn á lọ̀ ọ́. Ohun tó bá jáde ni masa. Bí wọ́n bá po ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ mọ́ ọn, tí wọ́n fi ẹran sí i láàrin, tí wọ́n pọ́n ọn sínú háhá àgbàdo, tí wọ́n sì fi ooru omi sè é, ó di tamale. Bí ẹ bá ti mọ mọ́ínmọ́ín eléwé, ẹ ti mọ̀ ọ́n dé ìdajì.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń sọ yìí, rọ́bà àgbàdo méjì ló wà nílẹ̀ fún ìsàmì ọmọ kan. Ọjọ́ kejì ni ìsàmì náà, ọ̀dọ̀ wa sì ni gbogbo ẹbí ń bọ̀ wá jẹun lẹ́yìn ìjọsìn. Ọrùn ọwọ́ ń dun Doña Lupe, ó fẹ́ lọ rí dókítà. Ó ní, "Máa lọ̀ ọ́. Mò ń bọ̀."

Mo lọ rọ́bà kan. Mo wò ó, kò kúnná, eèrí kún inú rẹ̀. Ìyá tó bí ìyá mi, ẹ̀kọ ló fi tọ́ ọmọ mẹ́fà, kò sì sí ọmọ ilé náà tó lè fi ògì sílẹ̀ láìsẹ́. Mo wá aṣọ funfun, mo bu omi, mo sẹ́ ẹ tónítóní. Mo da eèrí rẹ̀ nù. Mo tún ń kọrin!

Beto wọlé. "Kí lo ṣe sí masa?"

"Mo sẹ́ ẹ ni, sà. Eèrí rẹ̀ pọ̀ jù."

"Eèrí wo? Níbo ló wà?"

Mo nawọ́ sí trash. Ó di orí mú. Láìsí ohun tí mo dà nù yẹn, masa kò lè dì. Omi ògì lásán ló kù sí mi lọ́wọ́.

"Bí oúnjẹ ọ̀la bá bàjẹ́," ó ní, "má wulẹ̀ padà wá ní Mọ́ńdè."

Yéè, mo gbé! Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún ọkọ mi?

Doña Lupe dé, wọ́n ti fi báńdéèjì di ọwọ́ rẹ̀. Ó ki ìka bọ inú rọ́bà, ó tọ́ ọ wò. Ojú mi ń wolẹ̀.

"Ta ló kọ́ ẹ ní báyìí?"

"Ìyá mi àgbà ni, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Beto, atole rèé! Ó mọ́ ju tèmi lọ!"

Àṣé àwọn náà ń mu ògì! Wọ́n kàn ń se ṣúgà pupa àti sínámónì mọ́ tiwọn ni. Ó ní àwọn ọmọdé ni yóò mu ún lọ́la.

"Tamale ńkọ́?" ni Beto bi í.

"Rọ́bà kejì á tó. Òun náà ni yóò lọ̀ ọ́, tí yóò sì pò ó. Ṣé ọwọ́ mi yìí ló máa ṣe é?"

Bí wọ́n ṣe ń dán masa wò nìyí: wọn á ju díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú ife omi tútù. Bó bá rì, kò tíì tó. Bó bá léfòó, ó ti dára. Tèmi rì. Mo tún pò ó, ó tún rì. Beto ń wo aago. Inú bí mi, mo ju ṣíbí igi sílẹ̀, mo kó ọwọ́ bọ̀ ọ́. Mo lù ú bí a ṣe ń lu ẹ̀wà àkàrà, láìsinmi, títí èjìká mi fi kú. Mo ju díẹ̀ sómi. Ó lọ sílẹ̀, ó dúró, ó sì gòkè wá. Doña Lupe bẹ̀rẹ̀ sí í to háhá sí ẹ̀gbẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì n kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Kíṣìnì ni mo ti gbàdúrà. Wọ́n jẹun tán, ni ìyá àgbà ọmọ tí wọ́n sàmì fún bá fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé tọ̀ wá, Beto ń tẹ̀ lé e. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé Houston ni mo wà.

"Ta ló po masa yìí?" ni ìyá náà bèèrè. Doña Lupe nawọ́ sí mi. Ìyá náà wò mí látòkè délẹ̀.

"Ìlú wo lo ti wá?"

"Ìkìrun ni, mà."

Ó ronú díẹ̀, bíi pé ó ń wá a láàrin àwọn ìlú Mexico tó mọ̀. "N kò dé ibẹ̀ rí," ó ní. "Àmọ́ wọ́n mọ àgbàdo níbẹ̀."

Orí mi wú, omi bọ́ lójú mi. Ọdún mọ́kàndínlógún gbáko ni mo fi wà nídìí masa lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Bí oníbàárà bá sì bi Beto pé ará ibo ló ń ṣe tamale rẹ̀, èsì kan náà ló máa ń fún un: "Ará Ìkìrun."