Ẹja Táítọ́ọ̀sì Tí Bàbá Mi Pa Ní Ọ̀sà

Bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọlọ́pàá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò kúrò lára wọn. Nínú ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó, ẹni tó bá ṣẹ̀ kì í tọrọ àforíjì lásán. Bàbá á gbé bébà àti báírò síwájú onítọ̀hún, wọ́n á ní kó kọ sitétímẹ́ǹtì: ibi tó wà, ìgbà tó débẹ̀, ohun tó ṣe, kó sì buwọ́ lù ú. Mo kọ ti abọ́ tí mo fọ́, mo kọ ti ẹran tí mo jí nínú ìkòkò. Kódà lẹ́yìn tí mo lọ́kọ tí mo sì kó lọ sí Yaba, mo ṣì kọ ọ̀kan nítorí pé mo gbàgbé láti pè wọ́n lọ́jọ́ ìbí wọn.

Bí wọ́n bá ti kúrò lórí ọ̀rọ̀ ọ̀daràn, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ àti odò ló kù. Wọ́n máa ń gbé ṣakabùlà lọ sí oko wa lẹ́bàá Ìjẹ̀bú, wọ́n á sì kó ọ̀yà tàbí òkété bọ̀ nínú báàgì. Nígbà tó yá, wọ́n gbé ìbọn náà fún àbúrò wọn, wọ́n ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn. A gbà wọ́n gbọ́. Ó wá ku ìwọ̀. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á wọ bàtà rọ́bà, wọ́n á gba Costain lọ sí etí ọ̀sà, wọ́n á jókòó ti okùn ìwọ̀ wọn di ọ̀sán. Epìyà àti ọ̀bọ̀kún ni wọ́n máa ń mú bọ̀.

Sátidé kan, mo wà nílé nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n gbé láílọ́ọ̀nù lé mi lọ́wọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Ẹja fà, àwọn náà fà. Ó fẹ́ já okùn mọ́ àwọn lọ́wọ́, àwọn ní irọ́ ni, ọ̀daràn tó le jù ú lọ ò bọ́ lọ́wọ́ àwọn rí. Èmi àti ìyá mi ń rẹ́rìn-ín títí mo fi tú láílọ́ọ̀nù.

Táítọ́ọ̀sì ni. Ẹja tí wọ́n ń fi páálí kó wá láti òkè òkun, tó ti dì gbagidi kó tó dé Èkó! Inú rẹ̀ ṣì le bí òkúta. Kò sí ẹni tó ń se ọbẹ̀ ní Surulere tí kò mọ̀ ọ́n.

"Dádì, ọ̀sà wo lẹ ti pa eléyìí?"

"Ọ̀sà wa náà ni. Epìyà ńlá nìyẹn, àbí o ò rí i ni?"

Ẹ̀rín ti fẹ́ bọ́ lẹ́nu mi kí n tó wo ojú wọn. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ẹja rárá. Mo gbé ẹja náà sí apá kejì, ojú wọn ò tẹ̀lé e. Inú sì bí mi, torí inú mi kì í pẹ́ẹ́ bí. Mo mú bébà àti báírò, mo gbé e síwájú wọn.

"Sitétímẹ́ǹtì, Dádì."

Wọ́n mú báírò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ sì bọ́ sórí tábìlì. Wọ́n fọwọ́ wá etí bébà, wọ́n wá gbé báírò sílẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tí mi ò rí kọ́ọ̀kì okùn ìwọ̀ mi lórí omi mọ́," wọ́n ní. "Ẹja á gbé e lọ, mi ò ní mọ̀. Ìbọn yẹn náà, kì í ṣe ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Rírà ni mò ń ra ẹja. Ẹni tí mo máa ń rà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni ò wá lónìí, mo bá rà á lọ́wọ́ obìnrin kan lọ́nà, ó ní epìyà ni. Tí mo bá sọ fún yín, ẹ máa ní kí n jókòó sílé."

"Ọsibítù Ìdí-Àràbà là ń lọ ní Mọ́ńdè," mo ní.

"Kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan ojú mi? Mi ò lọ! Ìbọn ò bà mí lẹ́rù o, ọ̀bẹ yẹn ni."

Ìyá mi ló gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. "Bàbá wọn, Táítọ́ọ̀sì lẹ ń pè ní epìyà o."

Bàbá mi nawọ́ kan ẹja náà. "Táítọ́ọ̀sì kẹ̀? Èmi ọlọ́pàá! Obìnrin yẹn mà lù mí ní jìbìtì!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè aago mélòó la máa kúrò nílé ní Mọ́ńdè.

Àwọn dókítà Ìdí-Àràbà bá wọn ṣí awọ funfun tó bo ojú náà kúrò. Lọ́jọ́ tí nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì, bàbá mi ṣẹ́jú, wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wo fèrèsé, wọ́n wá tẹjú mọ́ mi.

"Ìgbà wo lo hu ewú?"

Gbogbo wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ewú náà ti tó ọdún mẹ́ta lórí mi. Gbogbo Sọ́ńdè tí mo fi ń kúnlẹ̀ kí wọn, ohùn mi nìkan ni wọ́n fi ń mọ̀ mí, mi ò sì fura. Ọdún mẹ́fà sí i ni wọ́n fi rí mi dáadáa kí wọ́n tó papò dà, kò sì sí Sọ́ńdè kan tí wọn ò bú ewú náà.