Ta Ni Yóò Sanwó Èéfín?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ́fíìsì wa ní Ring Road kì í rọrùn láti ṣàlàyé fún àlejò. A máa ń kọ àbá fún ìjọba lórí èéfín àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá: bí wọ́n ṣe lè mú afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, èyí tó ń mú ayé gbóná, kó tó jáde, kí wọ́n fi páìpù gbé e lọ, kí wọ́n sì rì í mọ́ abẹ́ àpáta tó jìn gan-an, níbi tí kò ti ní lè jáde mọ́. Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ló mọ bí wọ́n ṣe ń mú un. Ìbéèrè tó kù ni tèmi: ta ni yóò sanwó rẹ̀?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ ṣàlàyé èyí fún màámi, wọ́n wò mí títí. Aránṣọ ni wọ́n, aṣọ funfun ìjọ aládùúrà ni wọ́n sì ti ń rán láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú; Màmá Ìjọ ni àdúgbò ń pè wọ́n.

"Rírì èéfín mọ́lẹ̀? Ṣé wọ́n ń sanwó fún ọ lórí èyí?"

Mo ní wọ́n ń san án.

"Ọpẹ́ ni fún Olúwa nígbà náà," ni wọ́n wí, wọ́n sì padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ èéfín kò kàn wọ́n o. Àgbowó là ń gbé, nínú ilé tí bàámi kọ́ kí wọ́n tó kú, ó sì ti pẹ́ tí ikọ́ fée ti ń bá màámi fínra. Ẹ̀yìn ògiri wa gan-an ni ṣọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja kan wà. Ọmọ Ṣakí ni, opó ni, kò sì jù mí lọ. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Àlájà bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé Mẹ́kà. Ẹja inú yìnyín ló ń tà. Bí iná bá ti lọ, tí kì í sì í pẹ́ lọ, jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í bú, èéfín á fo ògiri, àyà màámi á sì máa súfèé.

Inú bí mi. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé àwọn onílé, wọ́n ránṣẹ́ pe Àlájà, màámi sì tẹ̀ lé mi. Alága wa kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí rẹ̀.

"Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀," ni wọ́n wí. "Kí Àlájà pa jẹnẹrétọ̀ yẹn, àbí kó kó ẹrù ẹ̀ kúrò ládùúgbò."

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Ohun tí mo máa ń kọ ní ọ́fíìsì gan-an nìyẹn: ẹni tó ń tú èéfín jáde ni kó sanwó rẹ̀. Ó dùn-ún gbọ́ lẹ́nu àgbà.

Àlájà dìde. Kò jà.

"Ẹ̀yin àgbà, tí mo bá pa á, gbogbo ẹja mi ló máa bàjẹ́. Mo ti rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Mọ́kọ́lá. Ẹ ṣáà bá mi gbàdúrà pé kí wọ́n gbà mí níbẹ̀, torí fèrèsé ìyàwó kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ló wà lẹ́yìn ibi tí màá gbé jẹnẹrétọ̀ sí."

Mo mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bí òfin ìlú kan bá le jù fún ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì, ó lè kó èéfín rẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn, ojú ọ̀run kan náà ló sì máa gbà á. Mo ti kọ ọ́ sínú àbá láìmọye ìgbà. N kò rí i rí kó dúró síwájú mi, kó wé gèlè, kó máa bẹ àwọn àgbà.

Màámi nawọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nítorí èémí.

"Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé èéfín mi lọ bá ọmọ tuntun. Ta ló ń jẹ ẹja náà? Ṣebí àwa náà ni. Ká jọ san án."

Nígbà tó yá, a fohùn ṣọ̀kan. Àlájà á gba sólà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Dùgbẹ̀ tó máa ń gbowó díẹ̀díẹ̀, á fi nǹkan kékeré lé owó ẹja, àwa ará àdúgbò á sì máa rà á lọ́wọ́ ẹ̀ títí gbèsè náà á fi tán. Alága ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé àwọn gbà.

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Wọ́n gbé sólà tó lè gbé ọ̀kan nínú fírísà méjì tí Àlájà ní wá, wọ́n ní ti èkejì ń bọ̀ bí owó bá ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n ẹja dínwó ní ọjà Bódìjà. Bí àwọn èèyàn ṣe ń yọ́ lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn. Wọ́n á di ẹja sínú láílọ́ọ̀nù dúdú, wọ́n á gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá, wọ́n á sì pariwo pé, "Àlájà, ẹ kú ọjà o!" Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń bú fún fírísà kejì. Nígbà tí owó kò wọlé mọ́, oníṣòwò Dùgbẹ̀ ní òun ń bọ̀ wá kó sólà òun.

Àlájà wá kúnlẹ̀ níwájú màámi lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ìyá, ẹ má bínú. Màá dá owó ẹja padà sí ti tẹ́lẹ̀. Kí wọ́n máa gbé sólà wọn lọ."

Lẹ́yìn tó lọ, mo sọ fún màámi pé bí ọmọ aráyé ṣe rí nìyẹn, pé kò sẹ́ni tó máa ń fẹ́ san owó afẹ́fẹ́, pé àfi kí ìjọba fi òfin tàbí owó ìrànwọ́ sí i. Wọ́n jẹ́ kí n wí tẹnu mi tán. Wọ́n wá nawọ́ mú ìborùn wọn.

"Wá sìn mí jáde. Mo fẹ́ lọ kí àwọn ará àdúgbò."

A ń wọlé, a ń jáde. Màámi kò dárúkọ ẹja nílé ẹnikẹ́ni. Wọ́n á jókòó, wọ́n á béèrè ọmọ, wọ́n á béèrè iṣẹ́, àyà wọn á sì máa súfèé jákèjádò pálọ̀ títí onílé á fi yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀. Ta ló fẹ́ lé àgbà tó wá kí i? Wọ́n á mu omi, wọ́n á gbàdúrà fún ilé, a ó sì dìde. Ojú onílé á ti wà nílẹ̀ nígbà náà.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni alága ń gbé. Nígbà tí a gùn ún dé òkè, ó pẹ́ kí màámi tó lè sọ pé "ẹ kú ilé." Alága dìde fúnra wọn, wọ́n fún màámi ní àga.

"Màmá Ìjọ, ẹ má wulẹ̀ sọ̀rọ̀. A ti gbọ́."

Wọ́n pe ìyàwó wọn láti inú yàrá, wọ́n ní kó má lọ Bódìjà mọ́, pé ọ̀dọ̀ Àlájà ni kó ti máa ra ẹja.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín lórí àtẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n bí a ṣe dé ìsàlẹ̀, màámi jókòó sétí gọ́tà, èjìká wọn ń lọ sókè sódò. Mo fún wọn ní oògùn tí wọ́n máa ń fà sẹ́nu. Wọ́n fà á, wọ́n tún fà á. Ẹ̀rù bà mí gidigidi, omi sì lé sí mi lójú.

"Màámi, ó tó. Alága ti gbọ́, àwọn tó kù á tẹ̀ lé wọn. Ẹ jẹ́ ká relé."

Wọ́n mi orí.

"Ìgbà tí mo ṣì lè mí ni mo lè kí wọn."

Wọ́n di apá mi mú, wọ́n dìde, wọ́n sì nawọ́ sí géètì ilé tó kàn.